Owó oṣù sẹ́nétọ̀: òǹkà mẹ́ta ló wà, èwo ni ká ní kí wọ́n gé?

Níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa n'Íbàdàn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé ká. Owó ọlọ́dẹ la ń sọ lọ́wọ́ tí ọ̀rọ̀ fi yà sí owó àwọn òṣèlú. Bọ̀dá kan tó ń wa takisí ní mílíọ̀nù 21 náírà ni sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù, pé etí òun lòun fi gbọ́ ọ lórí rédíò. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àjọ tó ń pinnu owó wọn ti sọ ọ́ ní gbangba, kò ju mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ lọ. Ni ọmọ bàbá náà bá na fóònù rẹ̀ sókè, ó ní kí àwọn méjèèjì wá wò ó: 168,866 náírà àti 70 kọ́bọ̀ ni owó oṣù sẹ́nétọ̀.

Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òǹkà mẹ́ta ni lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí nǹkan bá ti le nílùú, ọ̀rọ̀ "ẹ gé owó oṣù àwọn òṣèlú" ni ẹnu gbogbo wa máa ń kó lé, àwọn òṣèlú náà á sì dìde, wọ́n á ní àwọn ti gé e. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí wọ́n gé nínú òǹkà mẹ́ta yìí, á kàn máa pàtẹ́wọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀.

Òǹkà kìíní àti ìkejì: èyí tí òfin mọ̀

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi owó aṣòfin sí aṣòfin lọ́wọ́. Abala 70 sọ pé iye tí àjọ RMAFC bá pinnu ni kí wọ́n gbà. Àjọ yìí kan náà ló ń dá ìlànà lé bí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń pín owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé lórí owó oṣù àwọn olóṣèlú di òní, 2002 ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì tún un ṣe ní 2008. Láti 2008 yẹn, lórí ìwé, iye náà ò kúrò lójú kan.

Ní oṣù August 2024, nígbà tí ariwo pọ̀, alága RMAFC, Mohammed Shehu, tú ti sẹ́nétọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Owó oṣù gan-an, tí ọmọ bàbá olùkọ́ rí lórí fóònù, ni 168,866 náírà àti 70 kọ́bọ̀. Àjẹmọ́nú ló wá gùn ún lórí: 126,650 náírà fún epo àti àtúnṣe ọkọ̀, 126,650 míì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, 50,660 fún ìtọ́jú àlejò, 50,660 fún iná, omi àti tẹlifóònù, 42,216 fún olùrànlọ́wọ́ kan, 42,216 fún aṣọ, 25,330 fún ìwé ìròyìn, 8,443 fún ìtọ́jú ilé. Èyí tó tóbi jù ni ti ẹkùn ìdìbò, 422,166 náírà. Ẹ rò ó pọ̀, pẹ̀lú kọ́bọ̀ tí mo fò, ẹ ó bá 1,063,860 náírà pàdé. Òǹkà ìkejì nìyẹn, ti bàbá olùkọ́.

Yàtọ̀ sí ti oṣooṣù, àwọn kan wà tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọdún mẹ́rin: owó àga àti bẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ 6,079,200 náírà, iye kan náà nígbà tí wọ́n bá ń lọ, àti ẹ̀yáwó ọkọ̀ 8,105,600 náírà tí ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ san padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí inú bàbá olùkọ́ dùn sí, tí inú awakọ̀ takisí ò sì dùn sí. Mílíọ̀nù kan náírà lé díẹ̀ yìí kì í ṣe owó tó yẹ kí èèyàn torí ẹ̀ dáná sun ilé. Ó jẹ́ ìlọ́po 15 owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ, ìyẹn 70,000 náírà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù July 2024, kò sì dára kí ti ìwé ìròyìn nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí olómọ mẹ́rin fi ń gbéra lóṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé iye yìí kalẹ̀ ní 2008, lítà epo kan ò tó 100 náírà. Owó náà ti jẹ rà bí owó gbogbo wa ṣe jẹ rà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni RMAFC dì mú ní August 2025 nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún owó náà yẹ̀ wò, tí alága wọn sọ pé Ààrẹ ò gbà ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ lóṣù, tí mínísítà ò sì gba mílíọ̀nù kan pé. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC kọ̀ jálẹ̀. Mo wà lẹ́yìn NLC nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tèmi wà nínú òǹkà kẹta.

Òǹkà kẹta: owó ọ́fíìsì

Ní oṣù March 2018, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani, tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Kaduna nígbà náà, la ẹnu sọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sọ. Ó ní yàtọ̀ sí owó oṣù àti àjẹmọ́nú tó jẹ́ 750,000 náírà, mílíọ̀nù 13 àbọ̀ ni sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù fún ìnáwó ọ́fíìsì. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní August 2024, Sẹ́nétọ̀ Kawu Sumaila láti Gúúsù Kano sọ fún BBC Hausa pé owó oṣù òun, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tí wọ́n ń yọ, ó lé díẹ̀ ní 600,000 náírà, ṣùgbọ́n owó ọ́fíìsì ti di mílíọ̀nù 21 lóṣù. Ibẹ̀ ni awakọ̀ takisí ti gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Owó oṣù jẹ́ ti ẹni tó gbà á: kó fi jẹun, kó fi kọ́lé, kò sẹ́ni tó máa bi í. Owó ọ́fíìsì, lórí ìwé, kì í ṣe tirẹ̀. Ti iṣẹ́ ni: kó fi wọ bàálù lọ ilé kó fi bọ̀, kó fi tọ́jú ọ́fíìsì tó wà lẹ́kùn rẹ̀, kó fi pe àwọn onímọ̀ jọ lórí àbá òfin. Shehu Sani fúnra rẹ̀ sọ pé rìsíìtì wà tí wọ́n ń kó wá lórí owó náà. Mo gbà á gbọ́. Ìbéèrè mi ni pé ta ló rí àwọn rìsíìtì ọ̀hún? Ojú àwa tí a ni owó ò tó o rí.

Ohun kejì tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń pinnu iye rẹ̀. RMAFC ló pinnu òǹkà kìíní àti ìkejì. Ti ìkẹta, inú ìṣúná ilé aṣòfin ló ti ń jáde, àwọn aṣòfin ló sì ń dìbò lórí ìṣúná náà. Nígbà tí alága RMAFC ń sọ̀rọ̀ ní 2024, ó jẹ́wọ́ pé àjọ òun ò ní agbára lábẹ́ òfin láti fipá mú ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé iye tí àwọn bá pinnu. Ẹni tó wọn iṣu kò sí níbi tí wọ́n ti ń gún iyán.

Báyìí ni mo ṣe ṣírò rẹ̀ fún wọn nípàdé, orí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo kọ ọ́ sí. Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà. Tí kálukú wọn bá gba 1,063,860 náírà lóṣù, fún oṣù 12, àpapọ̀ rẹ̀ kò tó bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400. Nínú ìṣúná 2024, ilé aṣòfin méjèèjì pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka wọn gba bílíọ̀nù 344 náírà ó lé. Ti ilé aṣòfin àgbà nìkan lé ní bílíọ̀nù 49, ti ilé aṣojúṣòfin lé ní bílíọ̀nù 78. Nítorí náà, nínú 100 náírà tó wọlé aṣòfin àgbà, owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí òfin mọ̀ kò tó náírà mẹ́ta. Náírà 97 yòókù ló yẹ ká máa bi wọ́n léèrè. Awakọ̀ takisí bá gba kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tún un kà.

Ó tún ṣírò tirẹ̀ níṣojú wa. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 lóṣù máa ṣiṣẹ́ oṣù 300 kó tó rí mílíọ̀nù 21, tí kò bá ná kọ́bọ̀. Ọdún 25 nìyẹn. Ó ṣíwọ́, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Ní 2003, ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò kan kalẹ̀: dípò kí ìjọba máa ra ọkọ̀ fún òṣìṣẹ́ àti olóṣèlú, kó máa gbalé fún wọn, kó máa sanwó ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di owó, kí kálukú gbà á, kó lọ ra tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó epo, owó àtúnṣe ọkọ̀ àti ẹ̀yáwó ọkọ̀ fi wà lára àjẹmọ́nú tí mo kà sókè yẹn. Síbẹ̀, ní 2023, wọ́n ra jíìpù Land Cruiser fún àwọn sẹ́nétọ̀, mílíọ̀nù 160 náírà ni ìròyìn ní wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàyé wọn ni pé ọkọ̀ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ̀ ẹni. Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi tó gbẹnu sọ fún wọn ní ọ̀nà wa ò dára, àfi ọkọ̀ tó lágbára, pé àwọn mínísítà náà sì ní ju ẹyọ kan lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọ̀nà kan náà ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti aláàárù ń gbà, iṣẹ́ àwọn tó ń ra jíìpù yìí sì ni láti rí i pé ọ̀nà náà dára. Oṣù díẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ní May 2023, ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí lítà kan fi kúrò lábẹ́ 200 náírà, tó fò kọjá 480. Ní July ọdún náà, bílíọ̀nù 70 náírà wà nínú àtúnṣe ìṣúná tí wọ́n fọwọ́ sí, fún ìrọ̀rùn iṣẹ́ àwọn aṣòfin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tí wọ́n ti gé rí

Kì í ṣe pé wọn ò gé owó rí. Lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n ti gé e.

Ní January 2012, nígbà tí Ààrẹ Jonathan yọ owó ìrànwọ́ epo tí gbogbo ìlú sì dàrú, ó kéde pé àwọn aláṣẹ ìjọba máa dín owó oṣù wọn kù pẹ̀lú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún náà. Owó oṣù gan-an ni o, láìfi àjẹmọ́nú kún un. Owó oṣù ààrẹ fún odidi ọdún, lórí ìwé RMAFC, jẹ́ 3,514,705 náírà. Ìdá 25 rẹ̀ kò pé 880,000 náírà lọ́dún, ìyẹn nǹkan bíi 73,000 lóṣù. Ní 2015, Ààrẹ Buhari àti igbákejì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣínbàjò, ní ìdajì owó oṣù àwọn làwọn máa gbà. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, ilé aṣojúṣòfin fi owó oṣù méjì sílẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ fi ìdajì owó oṣù tiwọn sílẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti July 2024. Ìwọ́de ń bọ̀, ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ ti kọjá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù June. Ilé aṣojúṣòfin pinnu láti gé ìdajì owó oṣù wọn fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì olórí ilé, Benjamin Kalu, ṣàlàyé pé 600,000 náírà lowó oṣù wọn, pé kí kálukú fi 300,000 sílẹ̀. Ẹ ṣírò ó: 300,000 lọ́nà 360 aṣòfin, lọ́nà oṣù mẹ́fà. Mílíọ̀nù 648 náírà ni. Lójú ẹni tó ń ta gààrì, owó ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tó náírà kan nínú gbogbo 100 náírà tí ilé náà gbà nínú ìṣúná ọdún yẹn. Jíìpù àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́rin péré ló lè rà.

Mi ò sọ èyí láti tàbùkù ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ sàn ju ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé inú òǹkà kìíní àti ìkejì ni wọ́n ti gé e nígbà gbogbo, àwọn tó kéré jù, tí òfin sì ti fi ojú wọn hàn tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo ìgbà tí mo kà yìí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan òǹkà kẹta.

Ṣé òfin gbà kí wọ́n gé e?

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé òfin ò gbà á. Ìdajì òtítọ́ ni. Abala 84 ìwé òfin sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ yí owó oṣù ààrẹ, igbákejì rẹ̀, àwọn adájọ́ àgbà àti àwọn kan bẹ́ẹ̀ padà sí ìpalára wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ipò. Ọgbọ́n ńlá wà nínú rẹ̀: tí ìjọba bá lè gé owó adájọ́ tó dá a lẹ́bi, ìdájọ́ òdodo parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú abala yẹn kan náà ni wọ́n ti yọ àjẹmọ́nú sọ́tọ̀. Àjẹmọ́nú ṣeé dín kù nígbàkígbà. Orúkọ aṣòfin àti mínísítà ò sì sí nínú àwọn tí abala 84 dárúkọ. Ní June 2021, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ékòó tiẹ̀ pàṣẹ fún RMAFC pé kí wọ́n dín owó àwọn aṣòfin kù kó lè bá bí ọrọ̀ ajé ṣe rí mu.

Ti owó ọ́fíìsì rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kò nílò àtúnṣe òfin kankan. Ìlà kan nínú ìṣúná ni, ẹni tó kọ ọ́ lónìí lè kọ iye tó kéré sí i lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣé gààrì á wálẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ló béèrè èyí, ó sì yẹ ká dá a lóhùn láìtan án jẹ. Rárá, gààrì ò ní torí ẹ̀ wálẹ̀. Tí wọ́n bá ti ilé aṣòfin méjèèjì pa pátápátá, tí wọ́n kó bílíọ̀nù 344 yẹn síbì kan, kò lè bá Nàìjíríà san ju gbèsè nǹkan bíi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nítorí pé gbèsè tí a ń san lọ́dún 2024 nìkan lé ní tírílíọ̀nù mẹ́jọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé owó oṣù òṣèlú ló ń jẹ Nàìjíríà run kò ka ìṣúná.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí kò lè tán ìyà ni kò wúlò. Owó yẹn kan náà lè san 70,000 náírà lóṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 400,000, fún odidi ọdún kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé sì tún wà níbẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì sí mi ju owó náà lọ. Ìjọba ló ní ká fara dà á, ká dín oúnjẹ kù, ká fi ẹsẹ̀ rìn, pé ọ̀la á dáa. Àwọn òbí wa sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ní 1979 sí 1983 tí Lateef Jákàǹdè fi ṣe gómìnà Èkó, ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé, Toyota Crown tirẹ̀ ló ń gùn. Àwọn tó wà láyé nígbà náà ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, kì í sì í ṣe nítorí iye owó tó fi pa mọ́ fún ìjọba. Nígbà tó ní kí àwọn òbí fara da ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sáré kọ́ kí ọmọ gbogbo lè ríbi kàwé, wọ́n fara dà á, nítorí wọ́n rí bí òun náà ṣe ń gbé.

Àwọn kan á ní tí a bá fún wọn lówó kékeré, wọ́n á jalè. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ló yẹ ká wò. Ní 2022, mílíọ̀nù 20 náírà ni ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ lọ ilé aṣòfin àgbà. Gbogbo owó tí òfin fọwọ́ sí fún sẹ́nétọ̀ fún ọdún mẹ́rin, àti owó àga àti owó ìdágbére, jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 63. Fọ́ọ̀mù nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kò tíì lẹ pósítà, kò tíì ṣe ìpàdé kan. Ẹni tó mọ òǹkà yìí tó ṣì ra fọ́ọ̀mù, òǹkà kẹta ló ń wò.

Àwa ará ìlú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nílùú tí wọ́n bí mi sí, mo dé ilé aṣòfin kan rí ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta ló kún ìta, èèyàn sì dúró lápá ọ̀dọ̀ géètì. Ẹnì kan mú ìwé owó ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ẹnì kan mú lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan ní kó bá àwọn ra màlúù. Kò sí ẹni tó wá béèrè òfin tó dá. Ẹni tó ń rí irú èrò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á ní òun ò lè fi mílíọ̀nù kan gbé ipò náà, kò sì parọ́. Ilé ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ ni ì bá gba bẹ́ǹṣì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ìpínlẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ

Ojú gbogbo wa wà l'Ábújà, a gbàgbé ilé. Gómìnà kọ̀ọ̀kan ń gba owó ètò ààbò, RMAFC kọ́ ló ń pinnu iye rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí ìwé rẹ̀ fún ará ìlú. Ní 2018, Transparency International ṣírò pé owó yìí, káàkiri Nàìjíríà, lé ní mílíọ̀nù 670 dọ́là lọ́dún.

Owó ìfẹ̀yìntì àwọn gómìnà àná tún wà. Òfin Èkó ti 2007 fún gómìnà tó bá ti lọ ní ilé kan l'Ékòó, òmíràn l'Ábújà fún ẹni tó bá ṣe sáà méjì, àti ọkọ̀ tí wọ́n máa ń pààrọ̀ ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Gómìnà Sanwó-Olú kéde ní November 2020 pé òun fẹ́ kí wọ́n fagi lé e. Zamfara fagi lé tiwọn ní 2019, Abia ní 2024. Ẹ lọ wádìí ti ìpínlẹ̀ yín.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ yín. Ní 2009, àṣírí tú pé àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó ìjọba tún ilé ara wọn ṣe. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IPSA. Àjọ yìí ló ń pinnu owó oṣù aṣòfin báyìí, òun náà ló ń san owó ọ́fíìsì, ó sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé: tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, owó àyágbé ọ́fíìsì, ìǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó ń gbé ní Peckham lè jókòó sílé kó wo ohun tí aṣojú rẹ̀ ná.

Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n má wulẹ̀ fi 300,000 náírà sílẹ̀ mọ́. Kí wọ́n kọ iye owó ọ́fíìsì sílẹ̀ ní gbangba, kí wọ́n gé e dé ibi tí rìsíìtì bá gbé e dé, kí ẹni tó ti gba owó epo àti àtúnṣe ọkọ̀ lára àjẹmọ́nú má gba jíìpù mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, tí RMAFC bá ní kí wọ́n fi nǹkan kún 168,866 náírà, èmi á ti í lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí ará ìlú lè gbà béèrè sì wà. Òfin Freedom of Information, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba, kó béèrè ìwé ìnáwó wọn. Kò pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ní April 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ìpàdé wa tó tú ká lálẹ́ ọjọ́ yẹn, akápò dìde bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù. Ìwé àjákọ tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá ló fi ń ṣe ìwé owó. Ó kà á sókè: iye tí ilé kọ̀ọ̀kan dá fún ọlọ́dẹ, iye tó san fún un, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, àgádágodo tuntun fún géètì. Ó lẹ rìsíìtì kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ewé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Ìyá eléèlùbọ́ ní kó tún ti bátìrì kà, ó tún un kà.

Bàbá olùkọ́ gba bébà funfun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti awakọ̀ takisí ló jọ kọ lẹ́tà náà, sí akọ̀wé àgbà ilé aṣòfin l'Ábújà: èló ni owó ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú wa lọ́dún yìí, ta ló pinnu rẹ̀, kí ni wọ́n fi rà? Wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ìwé akápò, ojú ewé tó tẹ̀ lé ti àgádágodo.